Lẹ́tà Tí Mo Bá Ìyá Rísíkà Kọ

Abigi, ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Ojú ń tì mí. Ìyá Rísíkà tó ń hun ẹní wá sí ọ́fíìsì wa ní ìjọba ìbílẹ̀ lónìí. Wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà tó ti ń gé koríko ẹní rẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Omi tí kò rọ́nà lọ mọ́ ti wá ya wọ yàrá rẹ̀.

Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ìjọba. "Ọmọ mi, ẹnì kan ló buwọ́ lù ú pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ṣé onítọ̀hún ò lójú ni?"

Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni wọ́n rán mi lọ yẹ ilẹ̀ náà wò kí ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó jáde. Oòrùn mú, bàtà mi sì jẹ́ tuntun. Orí ọ̀kadà ni mo jókòó sí tí mo kọ "ilẹ̀ gbígbẹ" sínú fọ́ọ̀mù, a sì yí padà.

Mo bá a kọ ọ́. "Òṣìṣẹ́ kan" ni mo pe ara mi níbẹ̀. Ó tẹ̀ka sí i, ó di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́hun ò ní dójú tì ẹ́."

Mo ṣe àmín. Èmi náà!

Mo ti fa lẹ́tà yẹn ya. Mo ti kọ òmíràn, orúkọ mi wà níbẹ̀ ní kíkún. Lọ́jọ́ Ajé, màá gbé e lọ bá a nílé, màá kà á sí i létí kó tó tẹ̀ka. Bó bá lé mi jáde, ó tọ́ sí mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ó lè má bínú.