Ìdí Tí N Kò Fi Fẹ́ Lọ sí Bódìjà

Sátidé, 3 Oṣù Kẹwàá, 1959

Lẹ́tà dé. A rí ilé gbà ní ẹ́sítéètì tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Bódìjà. Bàbá Pílánì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìdúró ló dúró kà á, kò tilẹ̀ bọ́ fìlà. Ọkọ mi Akíndúró ni mò ń pè ní Bàbá Pílánì. Láti oṣù méjì sẹ́yìn, kò sí ibi tí kì í gbé pílánì ilé yẹn dé, abẹ́ abíyá ló ń há a sí lọ sí ibi iṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, abẹ́ abíyá ló ń há a sí bọ̀. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá gbọ́, mo gbé!

A gbọ́dọ̀ fèsì kí Fúráìdé, ọjọ́ kẹrìndínlógún, tó kọjá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á fi fún ẹlòmíràn. Ó ní, kí ni mo rí sí i? Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ṣe bí màá jó ni.

Sọ́ńdè, 4 Oṣù Kẹwàá

Lẹ́yìn ìsìn, a lọ wo ilé náà. Bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ lójú títì, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Òjò àná ti sọ gbogbo ọ̀nà di ẹrẹ̀ pupa — bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó dìgbòóṣe. Ilé lọ, ilé bọ̀, gbogbo wọn jọra. Bí mo bá mutí yó — n kò mutí rí — ilé onílé ni màá wọ̀.

N kò ní purọ́ fún ìwé. Ilé ìdáná náà wù mí. Inú ilé ló wà! Omi ẹ̀rọ ń bọ̀ níbẹ̀, fèrèsé dígí, ògiri funfun báláú. Mo fọwọ́ kan ògiri náà nígbà tí Bàbá Pílánì kò wò mí. Láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ ni mo ti ń dáná lọ́ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Bàbá Pílánì ní, “Èyí, yàrá ọmọ.” Mo jáde síta, mo lọ ń ha ẹrẹ̀ bàtà mi.

Túsìdé, 6 Oṣù Kẹwàá

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹun tán ni mo ń ka àléébù ilé náà fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé tí a rà, tí ilẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wà láyé nígbà náà? Mo ní ọmọ wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó mọ̀. Ẹyin lohùn. Ó gbé ife omi rẹ̀, ó mu ún, kò sì sí omi nínú rẹ̀.

Mo yára bọ́ sórí òmíràn. A ò gbọdọ̀ sin ewúrẹ́. A ò gbọdọ̀ patẹ ohunkóhun síwájú ilé. Bí a bá fẹ́ fi yàrá kan kún un, àfi ká kọ̀wé tọrọ àyè. A ò gbọdọ̀ sin òkú sí i — bí ìyá rẹ̀ bá ti Òǹdó wá bá wa gbé, tí ọlọ́jọ́ dé, ṣé inú ọgbà ìjọba la ó gbé ìyá sí? Ó ní ìyá òun ṣì ń gun òkè lọ oko lójoojúmọ́, kí n jọ̀ọ́ má sin ín láàyè. Mo ní bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀, báwo ni màá ṣe máa dé ilé ìwé ní Mọ́kọ́lá níbí kí agogo tó lù? Ó ní òun á ra kẹ̀kẹ́ obìnrin fún mi.

Èmi! Lórí kẹ̀kẹ́!

Ó ní kí n fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn.

Tọ́sìdé, 8 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sí ìdí ọsàn ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, mo bomi rin ín. Mo kí i.

Fúráìdé, 9 Oṣù Kẹwàá

Ìyá Onílé gbé kókò fún mi, wọ́n ní èyí tó ta dáadáa jù ní ìdí ọsàn ni, nítorí omi tí mò ń bù sí i. Mo dúpẹ́. Mo gbé e fún àwọn ará yàrá kejì. N kì í jẹ ẹ́.

Bàbá Pílánì tún fi tówẹ́lì sọ́rùn, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú, ó yí gbogbo ilé po kí ó tó dé balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ló ti ń ṣe é. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wà níbẹ̀ gbayawu! Ìgbéraga akọ̀wé. Ó fẹ́ kí gbogbo Mọ́kọ́lá rí i pé òun fẹ́ wẹ̀.

Sátidé, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ kí Ọláṣùmbọ̀. Tíṣà bíi tèmi ni, oṣù kẹta rèé tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó dé Bódìjà. Kí n tó jókòó ló ti ń tú ẹ̀dùn ọkàn. Ó ní kò sí ẹni tó ń kí ènìyàn níbẹ̀. Ní ilé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, bí òun bá wúkọ́, ènìyàn mẹ́ta á ní pẹ̀lẹ́. Níbí, òun lè wúkọ́ kú. Kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí. Òun àti obìnrin tó wà ní ilé tó kàn án, ẹ ò pàdé mi ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe.

Mo di gbogbo rẹ̀ sínú bí ẹni di ẹrù ọjà, mo gbé e dé ilé fún Bàbá Pílánì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ṣé ó ní òun fẹ́ padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀?”

Mo ní n kò bi í. Irọ́ ni. Mo bi í. Ó ní ká má rí i!

Mọ́ńdè, 12 Oṣù Kẹwàá

Ìjà. Ìjà gidi. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo àléébù tí mo kà, kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ inú mi nínú wọn. Ó ní kí ló dé gan-an? Ó ní òun kò lè lo ọdún mìíràn nínú ilé yìí. Mo ní kí ni ilé yìí fi ṣe yín? Ó jáde, ó gba iwájú.

Ó dáa. Bí n kò bá lè sọ ọ́ fún ènìyàn, ìwé kì í ròyìn.

Ọlọ́runtóyìn ni ìdí tí n kò fi fẹ́ lọ. Ọmọ mi. Ọmọ ọdún méjì ó lé díẹ̀, ibà ọjọ́ mẹ́ta péré. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, òbí kì í sì í mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí náà àwọn àgbà tì mí mọ́ yàrá, wọ́n rán bàbá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú wa ní Dùgbẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣuntókun, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo yọjú, mo rí yẹ̀pẹ̀ tútù ní ìdí ọsàn lẹ́yìnkùlé. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ṣé ìyá ni wọ́n máa sọ fún?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí i láràárọ̀. Mo ń sọ fún un pé mò ń lọ sí ilé ìwé. Mo ń sọ ohun tí mo sè fún un. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi ni agbè yẹn. Ọdún kẹrin rèé, omi kò tíì padà wọnú rẹ̀. Gbogbo ayé ti ń pè mí ní Tíṣà. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Ìyá Tóyìn mọ́, àfi èmi fúnra mi, ní ìdí ọsàn.

Ọmọ mi wù mí í rí. Mo fẹ́ ilé ìdáná yẹn dé góńgó. Ṣùgbọ́n ta ni màá fi í sílẹ̀ fún?

Wẹ́sìdé, 14 Oṣù Kẹwàá

Ó ku ọjọ́ méjì. Mo pinnu láti bẹ Ìyá Onílé kí n tó fún Bàbá Pílánì lésì. Sìkírátù ni orúkọ wọn, ta ló jẹ́ pè é? Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní bí a bá kó lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣe jẹ́ kí ayálégbé tuntun gbẹ́ ìdí ọsàn. Wọ́n ní nítorí kókò ni? Mo ní ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, mà.

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. “Sùbùhánálláhì! Tíṣà, ta ló sọ fún ọ pé ibẹ̀ ni?”

Wọ́n ní kókò ni àwọn gbẹ́ ibẹ̀ fún lọ́jọ́ náà. Igbe mi ń pọ̀ nínú yàrá, ọwọ́ wọn kò lè wà lófìfo, wọ́n bá gbé ọkọ́. Ọmọ kò sí nínú ọgbà yìí rárá. Bàbá Ọ̀ṣuntókun fi agbádá bò ó, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, ó wọ ọ̀nà Dùgbẹ̀. Ibi tó yà sí lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò mọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ mọ̀, wọn kò ní sọ, ohun tí òbí kì í mọ̀ ni. Wọ́n fi ìdí aṣọ wọn nu ojú mi. Àwọn náà ń sunkún.

Bàbá Ọ̀ṣuntókun kú ní èṣí. Kò sí ẹni tí mo lè bi mọ́.

Tọ́sìdé, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà.

Ó wá ní, “Kì í ṣe ìdí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn?”

Mo ní àtẹ̀gùn wo?

Ó ní lọ́jọ́ náà, nígbà tí òun ti Dùgbẹ̀ dé, Bàbá Ọ̀ṣuntókun ni òun bá ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fọ ọwọ́, tí ọkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ. Ó gbà pé ibẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà kò tẹ ibẹ̀ rí. Ó ní, “Mo fẹ́ ká lọ sí ibi tí mo ti lè máa rìn láì máa bẹ̀rù pé mo fẹ́ tẹ ọmọ mi mọ́lẹ̀.”

Ọkọ́ tí Ìyá Onílé fi gbẹ́ kókò ló rí, omi ìfọwọ́ ló sì rọ ilẹ̀ náà. Èmi tí mo ń pè é ní ìgbéraga. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Ọdún mẹ́rin la fi sùn sórí ibùsùn kan, kálukú ń ṣọ́ sàréè tirẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan nínú méjèèjì. Ó sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí. Ó pè mí ní Ìyá Tóyìn.

Fúráìdé, 16 Oṣù Kẹwàá

A fèsì. Ó fọwọ́ sí i, ó ní kí èmi náà fọwọ́ sí i. Bódìjà ṣì jìnnà, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ìjọba, bọ́ọ̀sì kò tíì dé ibẹ̀. A ń lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.

Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀ ní ìdí àtẹ̀gùn, ó sọ èkejì. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí, lẹ́yìn náà ó gbé èsì náà lọ fún ìjọba.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Mo fẹ́ sọ fún Tóyìn pé a ń lọ. Mo dúró láàárín ọgbà títí oòrùn fi mú, n kò mọ ibi tí màá kọjú sí.