Kẹ̀kẹ́ Kan Lẹ́nu Géètì Bàbá Àrínọlá

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Fásanmí,
                                        Sábó, Yaba,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Láyí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ìyàwó wa Evelyn ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Fọ́tò rẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ wà lójú fóònù mi títí di ìsinsìnyí, àwọn ará ọ́fíìsì rò pé ọmọ mi ni. Mo gbọ́ pé orúnkún tún ń yọ Màmá rẹ lẹ́nu. Jọ̀wọ́ bá mi kí wọn, sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n sinmi, kí wọ́n fi oko sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì le. Ara tèmi le koko, àfi òógùn Èkó tí o mọ̀.

O ní kí n yé fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ mọ́, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń já ọ̀rọ̀ mi sí méjì kó tó dé ibi tó dùn. Ó dáa, mo ti ra bébà. Wá ibi tó tutù jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀.

O rántí Àrínọlá, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì níbí, tí mo fi orúkọ rẹ̀ dí ọ létí láti ọdún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà fún mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún mi gbangba pé bí bàbá òun kò bá fi ẹnu ara wọn sọ pé kí àwọn èèyàn mi máa bọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, bàbá wo ni kò ní fẹ́ràn mi? Àṣé n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin kan ti wá ṣáájú mi, ó sì sùn lọ níwájú tẹlifíṣàn níbi tí Bàbá ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bàbá kò jí i o. Wọ́n rọra pa iná pálọ̀, wọ́n bá wọlé lọ. Ọ̀gbẹ́ni náà kò padà wá mọ́.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí yìí kì í ṣe tiwa. Ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mú, tó ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì, tí àwọn géńdé tó dé akoto bíi ti ọlọ́kadà ń fi ara lu ara wọn nítorí rẹ̀. Bàbá Àrínọlá gbé nínú ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Green Bay lọ́hùn-ún fún ọdún gbọọrọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Àrínọlá, kí gbogbo wọn tó kó padà sí Surulere nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà, Packers, ni Bàbá fẹ́ràn tẹ̀lé Ọlọ́run. Mọ́mì, ìyá Àrínọlá, ní kí n má sọ ọ́ síta, pé ó lè jẹ́ Ọlọ́run ló tẹ̀lé wọn.

Nígbà tí Àrínọlá wá ní kí n wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹwàá, mo bi í pé kí ni Bàbá fẹ́ràn. Ó ní, “Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà.” Mo ní má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láyí, o mọ̀ mí, kí n ṣáà ti ṣe nǹkan tó máa ya èèyàn lẹ́nu. N kò bi í pé ẹgbẹ́ wo. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà lẹ́bàá ojú irin ní Yaba lọ, Shakirat tí mo máa ń ra ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ sì fa ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù kan yọ, búlúù tó dúdú, tí wọ́n fi àwọ̀ ọsàn kọ C ràgàjì sí.

Ó ní, “Bọ́dá Dèjì, ọ̀kan ṣoṣo ló kù o! America gidi lèyí, ẹ fọwọ́ kàn án now. Tẹ́ ẹ bá wọ èyí lọ sílé àna, wọ́n máa fún yín níyàwó lọ́wọ́ kan ni.”

Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo wọ̀ ọ́ lọ sí Surulere. Mọ́mì ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wo àyà mi, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Kí wọ́n tó lè wí nǹkan kan, Bàbá ti yọ lẹ́yìn wọn nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. Ẹ̀rín náà kú síbẹ̀.

“Ta ló rán ẹ wá?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, “Èmi fúnra mi ni mo wá, sà.”

“Irọ́ lò ń pa. Chicago ló rán ẹ.”

Àrínọlá sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rí mi, ó ké pé, “Dèjì! O ò sọ fún mi!” ó sì sáré padà. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ló lọ sun tàbí ẹ̀rín. Ẹ̀wù tí mo wọ̀, ti Chicago Bears ni, àwọn tí ẹgbẹ́ Bàbá ti ń bá fà á láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Bàbá ní ẹ̀wù náà kò ní kọjá ẹnu ọ̀nà ilé àwọn. Bí mo ṣe bọ́ ẹ̀wù ní ìta nìyẹn, tí Mọ́mì mú bùbá léèsì wọn kan wá fún mi. Apá rẹ̀ mọ lé mi ní ìgúnpá, ọrùn rẹ̀ sì fẹ́ títí dé èjìká. Inú rẹ̀ ni mo ti jẹ ìrẹsì àti dòdò níwájú bàbá tí mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Mọ́mì, tó ń ṣàánú mi, bi mí ní oríkì mi. Mo ní Àkàngbé. Bàbá ṣe bí ẹni pé wọn kò gbọ́. Wọ́n ní, “Chicago, bu omi mu.”

Bí ojú ṣe tì mí tó, mo bi wọ́n pé kí ni àwọn ará Chicago ṣe fún yín, sà? Áà, Láyí, mo ti fọwọ́ kan ibi tó dùn wọ́n. Wọ́n sún àga mọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Wọ́n ní ní ọdún 1919 ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà dá ẹgbẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, tí ilé iṣẹ́ kan tó ń di ẹran sínú agolo fún wọn lówó ẹ̀wù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ Packers. Bàbá náà, ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ìlú yẹn, ni wọ́n bá ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ òun. Ìlú náà kéré o, gbogbo èèyàn rẹ̀ kò tó ti Mushin. Ẹgbẹ́ tó kù ní Amẹ́ríkà, olówó ló ni wọ́n. Tiwọn, ará ìlú ló ni ín, tíṣà, awakọ̀, opó. Ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó bá dá sí i kì í mú èrè kankan wá, síbẹ̀ wọ́n ń gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀. Mo ní irú ẹgbẹ́ wo lèyí, tí èèyàn ń ní in tí kì í jẹ nínú rẹ̀? Bàbá ní irú èyí tí kò sí ẹni tó lè tà á lẹ́yìn rẹ ni.

Tí yìnyín bá bo pápá, ará ìlú á gbé ṣọ́bìrì lọ kó o. Àyè ìjókòó wọ́n débi pé àwọn kan ń fi orúkọ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sílẹ̀, kí ó lè kàn án tó bá dàgbà. Ọdún kan wà tí òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí fèrè rẹfirí lẹ̀ mọ́ ọn létè. Bàbá kò sí níbẹ̀, wọn kò tíì kúrò ní Nàìjíríà nígbà náà, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, o máa rò pé ètè wọn ni. Ìgbà mẹ́tàlá ni ẹgbẹ́ náà ti gba ife-ẹ̀yẹ. Ìpínlẹ̀ wọn tún mọ wàràkàṣì ṣe púpọ̀, àwọn ará ọ̀dọ̀ Chicago sì ń fi bú wọn pé olórí wàràkàṣì ni wọ́n. Wọn kò jà. Wọ́n gé fóòmù sí onígun mẹ́ta, wọ́n kùn ún ní ìyeyè, wọ́n dé e sórí bíi fìlà, wọ́n sì ń yangàn. Bàbá wọ yàrá lọ gbé tiwọn wá. Wọ́n dé e, ojú wọn le koko lábẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo wọ bùbá Mọ́mì, ta ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín?

Àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti kẹ̀kẹ́. Nígbà ooru, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì, àwọn ọmọ ìlú á gbé kẹ̀kẹ́ wọn wá dúró lẹ́nu géètì pápá. Agbábọ́ọ̀lù tó bá jáde á mú kẹ̀kẹ́ ọmọ kan, á gùn ún dé ibi ìgbaradì, ọmọ náà á sì máa gbé akoto rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mú kẹ̀kẹ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ̀ rẹ ló sábà máa ń padà wá. Àrínọlá dúró ní ọdún méjì, wọn kò mú tirẹ̀. Ní ọdún kẹta, géńdé kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ pupa kékeré yẹn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bàbá ní láti ọjọ́ tí òun ti dé ìlú yẹn, àlejò ni òun ń pe ara òun, àfi ọjọ́ tí òun rí ọmọ òun tó ń gbé akoto lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ojú wọn ti rin omi. Àánú wọn ṣe mí, ìfẹ́ wọn sì wọ̀ mí lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Mo rò pé ibẹ̀ ti rọ̀, ni mo bá ní, “Dádì, nípa ọ̀rọ̀ Àrínọlá, sà...”

“Chicago, máa lọlé, kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Láyí, mo gba ilé lọ. Nígbà tí Àrínọlá pè mí, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Dèjì, mo fẹ́ràn ẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ẹ wọlé tí Dádì mi ò bá fẹ́.” Ẹ̀rù bà mí gan-an, n kò purọ́ fún ọ. N kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Ni mo bá ronú kan ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí ìjì ti gbé díìṣì orí òrùlé wọn lọ, ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ní òpópónà kejì ni Bàbá ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á sì fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ nítorí orúnkún. Mo lọ bá Quadri tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Pápá Àjàó, ó yá mi ní ọ̀kan tó lágbára, mo gùn ún dé Surulere, mo sì dúró tì í lẹ́nu géètì wọn bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń dúró.

Bàbá jáde. Mo kí wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní, “Chicago, o kú ìdúró,” wọ́n sì kọjá lọ. Obìnrin kan bi mí bóyá mo fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá tẹ táyà, wọ́n ní, “Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yìí ò tó,” wọ́n tún kọjá. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ Àrínọlá pè mí, ó ní Dádì ní kí òun bi mí, kò kúkú kan àwọn o, bóyá bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà dáa.

Àná ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo fún táyà ní afẹ́fẹ́, mo ní kí Quadri yẹ bíréèkì wò. Mọ́mì àti Àrínọlá wà lókè ní báákónì, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń sá aṣọ. Bàbá jáde nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, fìlà wàràkàṣì lórí. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n kọjá lọ. Mo ti ń yí kẹ̀kẹ́ padà nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀pá tó ń bọ̀.

Wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá náà lé e.

“Dì í mú dáadáa. Má jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ o.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn tó kọjá sí òdìkejì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n wa kẹ̀kẹ́! Ó kọ́kọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, lẹ́yìn náà ó tọ́. Èmi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, fìlà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Àwọn ará àdúgbò ń pariwo, “Dádì Americana! Ẹ rọra o! Bọ́dá, ẹ bá wọn dì í mú o!” Mọ́mì ń pàtẹ́wọ́ lókè. Àrínọlá kò pàtẹ́wọ́, ẹkún ló ń sun, lọ́tẹ̀ yìí mo rí i dájú.

Ní ẹnu ilé ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba fìlà wọn, wọ́n dé e.

“Àkàngbé.”

Láyí, wọ́n ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà!

“Ìgbà wo làwọn èèyàn ẹ ń bọ̀?”

Mo dọ̀bálẹ̀ sójú títì níbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bá mi lọ bá Bàbá rẹ lónìí olónìí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àwọn ni bàbá mi, àwọn ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣíwájú wa nínú oṣù Kejìlá. Sọ fún gbogbo ẹni tó bá máa tẹ̀ lé wa pé kí wọ́n wọ ohun tó wù wọ́n, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ rí búlúù àti àwọ̀ ọsàn lára ẹnì kankan, ì báà jẹ́ gèlè.

Kí Evelyn fún mi, fi ẹnu ko ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o sì sọ fún Màmá pé ìyàwó ń bọ̀. Quadri ti ń béèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ní n kò gbọdọ̀ gbé e kúrò nílé àwọn. Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ńkọ́, ta ló máa bá àwọn gbé fìlà bí kò ṣe èmi?

Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn, tìrẹ lójoojúmọ́,

Ọládèjì Àkàngbé,
Chicago tẹ́lẹ̀ rí.