Ọkọ̀ Tọ́bò Tí Màámi Kò Gbọdọ̀ Wọ̀

                                        Ilé Kejì, Ọ̀nà Ilé-Omi,
                                        Lẹ́yìn Ọgbà Àwọn Jórinjórin.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Eyínfúnjowó, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yẹn tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Mo mọ̀ pé á ti máa gé gbogbo yín jẹ báyìí. O kú iṣẹ́, o kú wàhálà ilé, o kú àmúmọ́ra. Tiwa náà ń lọ bẹ́ẹ̀. A ò kú, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ yè.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ọkọ rẹ fẹ́ ra irú mọ́tò tó wà nílé wa, kí n sọ bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń tà á kò ní sọ ju dídùn rẹ̀ lọ. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ti mọ́tò yìí kí n yọ ti ìyá ọkọ mi sílẹ̀, nítorí náà wá ibi jókòó sí dáadáa.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti mọ́tò. Ó dára. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kì í ṣe mọ́tò gàgàrà tó ń gba gbogbo ọ̀nà, kì í sì í ṣe kékeré tí orúnkún èèyàn á máa kan àgbọ̀n. Èèyàn mẹ́rin á jókòó gbẹdẹmukẹ nínú rẹ̀. Ẹni karùn-ún tó bá há sí àárín lẹ́yìn ni yóò máa ṣépè, torí ilẹ̀ ibẹ̀ wú sókè. Búùtù rẹ̀ ń gbé ẹrù mì ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi rárá, àmọ́ wọ́n fi tọ́bò sí i, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ tó fi ń lágbára ju bó ṣe mọ lọ. Tí o bá tẹ iná, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó ń wojú ẹni. Kí o tó sọ pé kí ló dé, á ti gbá ẹ mọ́ ẹ̀yìn àga, súfèé kékeré kan á sì máa dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi fẹ́ràn súfèé yẹn débi pé ó máa ń pa rédíò kó lè gbọ́ ọ.

Ti àbùkù rẹ̀, ó rẹlẹ̀ jù, gbogbo bọ́ǹpù ló ń ha á níkùn. Kò fẹ́ epo burúkú, kò sì fẹ́ kí o pẹ́ kí o tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Tó bá ti sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, o ò gbọdọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí o jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí títí tọ́bò á fi tutù. Ọkọ mi á jókòó sínú rẹ̀ níwájú ilé, á máa dúró dè é kí ara rẹ̀ balẹ̀. Mi ò rí i kó dúró de èèyàn kankan bẹ́ẹ̀ rí. Sítì rẹ̀, awọ ni, ó funfun bíi wàrà. Ọ̀dọ̀ sítì yìí ni ọ̀rọ̀ wà.

O mọ ìyá ọkọ mi. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Màámi Ẹlẹ́rìn-ín nígbà tí o wá kí wa. O mọ̀ pé alágbàfọ̀ ni, aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ló ń fọ. Inú omi ọṣẹ ló ń dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ títí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo fi kàwé jáde, tó sì di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ta gíláàsì fèrèsé. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé látìgbà tí àtọ̀gbẹ ti mú un. Egbò kan wá yọ sí i lẹ́sẹ̀ òsì, ó kọ̀, kò jinná. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, egbò náà ń rùn. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fi báńdéèjì dì í, mo mọ bó ṣe ń rùn.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò dé, gbogbo àdúgbò ló jáde wá wò ó. Màámi wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó kun àtíkè sójú, ó fi ọ̀pá rìn jáde, kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì jókòó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fọwọ́ pa dáṣíbọọ̀dù bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó ké sí àwọn tó dúró, ó ní, "Ẹ wá wo ọmọ alágbàfọ̀ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí i kú oríire.

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó yí mọ́tò po, ó wá dúró tì í. "Màámi, ẹ bọ́ọ́lẹ̀."

Màámi rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ó ní kó wọlé kó wà á, kí àwọn lọ yí àdúgbò ká.

Ó wá sọ ọ́ sókè kedere: "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ yín ń rùn. Tó bá ti wọ awọ, kì í jáde mọ́."

Màámi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Kò burú. Ọkọ̀ tuntun ni." Ó na ọwọ́ sí mi kí n fa òun dìde. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ọkọ mi ti mú àkísà, ó ń nu ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí níṣojú àwọn èèyàn, tó bá nù ún tán, á gbé àkísà náà sí imú, á gbóòórùn rẹ̀, á tún nù ún.

Látọjọ́ náà, takisí la fi ń lọ sílé ìwòsàn fún egbò yẹn. Bí mi ò bá sì ráàyè kúrò níléèwé tí mo ti ń kọ́ni, Màámi ò ní lọ nìyẹn. Mo bẹ ọkọ mi kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n máa gbé e lọ fúnra mi. Mọ́tò wa àtijọ́ tó tà kó tó ra èyí, ṣebí èmi ni mò ń wà á jù! Ó ní gìgísẹ̀ bàtà mi á dá ihò sí kápẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ó ń gbé gbogbo ayé. Ó ń gbé àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà márosẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí tọ́bò ṣe ń gbá èèyàn mọ́ àga. Lọ́jọ́ kan, ajá ọ̀gá rẹ̀ ṣàìsàn, òun ló gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ajá náà jókòó sí ẹ̀yìn bí aya ọba, ó yọ orí síta, itọ́ ń kán tò tò sára ilẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni Màámi wà nígbà tí wọ́n kọjá. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi yà, ó ní, "Ajá yẹn mà rẹwà o."

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti inú garawa. Mo wọ yàrá Màámi, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Kò mọ̀ mí mọ́, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí. Nígbà tí mo tú báńdéèjì, ẹsẹ̀ ti dúdú láti ọmọ ìka gòkè. Mo pe takisí, kò sí èyí tó fẹ́ jáde nínú òjò. Mo pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ní ó ti lọ síbi ìjàǹbá kan. Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, Màámi ń kú lọ."

"Pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn."

"Mo ti pè é. Wọ́n ní ká máa retí."

"Ká máa retí náà nìyẹn." Kò yí ojú kúrò lára tẹlifísàn. "Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ inú mọ́tò yẹn."

Eyínfúnjowó, mo já kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó tó fi kọ́. Ó fò dìde, ó gbá ọwọ́ mi mú. Mo gé e jẹ. Mo gé e jẹ gidi, títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, mi ò sì tíì tọrọ àforíjì dòní. Jórinjórin kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló bá mi gbé Màámi sọ́wọ́ jáde, tó gbé e sí sítì iwájú mọ́tò. Mo ti ṣíná sí i kí ọkọ mi tó sáré jáde. Ó dúró nínú òjò, ó gbé aṣọ rọ́bà orí tábìlì dání, ó ń bẹ̀ mí. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀ mí kí n rọra wakọ̀ o. Ó ń bẹ̀ mí kí n tẹ́ rọ́bà sábẹ́ ìyá òun.

O bi mí bó ṣe ń sáré. Òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-omi, ọkọ̀ akóyanrìn kan ń wọ́ gun orí rẹ̀ níwájú mi. Mo tẹ iná mọ́lẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì gbéra. A ti fi akóyanrìn sílẹ̀ kí n tó mí. Táyà rẹ̀ di ọ̀nà mú nínú omi, kò yọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bíréèkì rẹ̀ ń gbọ́ràn bí ẹni pé ó mọ ẹni tí a gbé. Níbi tí a ti ń sáré yìí ni Màámi lajú. Ó wo òkè, ó wo sítì funfun náà.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ọkọ̀ ọmọ yín ni, Màámi."

"Irọ́ ni," ó ní. "Ọmọ mi kì í gbé mi." Ó tún ojú dé, ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó mà ń sáré dáadáa o."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún lọ́jọ́ yẹn gan-an. Dókítà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, bi mí ìdí tí a kì í fi gbé e wá lóòrèkóòrè bí àwọn ṣe ní kí a ṣe. Ó ní ẹsẹ̀ yìí kò yẹ kó lọ. Bí mo ṣe ń wá ohun tí mo fẹ́ sọ, mo rí ọkọ mi láti ojú fèrèsé. Ó ti rí takisí fún ara rẹ̀. Ìdí mọ́tò ló kọ́kọ́ lọ, ó ṣílẹ̀kùn, ó ti orí bọ inú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gòkè wá, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ó ti wọ inú fóòmù." Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá bi í pé, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn?

Jórinjórin kò pa ẹnu mọ́, kí ló fẹ́ pa á mọ́ fún? Ọ̀rọ̀ náà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà Ajá ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ báyìí, láti orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì dé orí ìyàwó ọ̀gá tó ni ajá. Ojú wá tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá Màámi sílẹ̀, ó gbé mọ́tò wá, ó ti pààrọ̀ sítì iwájú, ó ti fín lọ́fínńdà sí i. Ó tún ra ẹ̀bùn dání. Bàtà ni, ọ̀rẹ́ mi. Bàtà tuntun, ẹsẹ̀ méjèèjì pé.

Màámi wà lórí àga onítáyà. Ó ṣí páálí náà, ó wo bàtà, ó rọra dé e padà. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ògiri. Màámi wá gbójú sókè sí ọmọ tó bí. Ó ní, "Ẹ ṣé sà. Ọlọ́run á bù sí i fún yín."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Màámi di táyà àga náà mú pinpin. "Ẹ má ṣèyọnu sà. Takisí tèmi wà níta."

Látìgbà náà ló ti ń "ẹ" ọmọ rẹ̀. Tó bá jí, "Ẹ káàárọ̀ sà." Tó bá tibi iṣẹ́ dé, "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ kú làálàá." Tó bá wọ yàrá rẹ̀, Màámi á fa aṣọ bo ibi tí wọ́n gé, á gbára jọ bí ẹni tí àlejò ká mọ́lé. Èmi ń jẹ́ "ìwọ", jórinjórin ń jẹ́ "ìwọ", ó sì ń bá wa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọkọ mi kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó tiẹ̀ bú òun, kó sáà pe òun ní ìwọ lẹ́ẹ̀kan. Màámi ní, "Ẹ dìde sà. Irú yín kọ́ ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún irú wa." Ọkọ mi wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun bẹ̀ ẹ́. Mo ní màá rí i. Mi ò tíì rí i.

Ó ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, sọ fún ọkọ rẹ pé mọ́tò náà dára, kó rà á bó bá wù ú, àmọ́ kó mú sítì aláṣọ, kì í ṣe aláwọ. Èmi ni mò ń gbé Màámi lọ sílé ìwòsàn báyìí. Iwájú ló ń jókòó, òun ló sì ń sọ fún mi pé kí n tẹ iná. Ọkọ mi ló ń ṣí géètì fún wa. Bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Màámi á ní kí n dúró, á yí gíláàsì sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín sí i dáadáa, á ní, "Ẹ ṣé gan-an sà. Ìyá tó bí yín kú iṣẹ́."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi ní kí n kí ẹ, ó ní eyín rẹ ṣì ń wu òun.

Èmi ni, tìrẹ títí ayé,
Adúmáadán.