Ta Ló Se Ọbẹ̀ Elégédé Náà?

Agbolé Ọládépò,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, 1882.

Ògúnṣọlá, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyálé rẹ, mo kí àwọn ìyàwó kéékèèké, mo kí ọmọ tí ń bẹ nílé àti èyí tí ń bẹ lóko. Ṣé orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ti ń gbà ọ́ láyè láti dìde? Ṣé òjò kò ba àgbàdo yín jẹ́? Ṣé ẹ ń rí iyọ̀ rà lọ́hùn-ún? Ó dára. Ìkíni parí síbẹ̀. Inú ń bí mi, Ògúnṣọlá, ìwọ gan-an ni mo sì ń bínú sí.

Kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí sí ọ létí kà á ketekete, kó má fo ibì kankan nítorí ìtìjú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Èmi tí mo ti hewú kí n tó jókòó síwájú tíṣà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé baba arúgbó ń ka ábídí, lónìí mo lè bú ènìyàn láti Ọ̀yọ́ kó dun ún dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó rẹ́rìn-ín náà ńkọ́? Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ìwé wá kí n bá wọn kà.

Mìkáílù, aláṣọ tó ń ná ọjà tiyín àti tiwa, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Mo pàdé rẹ̀ ní Ọjà Akẹ̀sán. Ó kí mi tán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Baba, àbí lóòótọ́ ni pé Baba Ògúnṣọlá ló ń fún yín lóúnjẹ nígbà tí ẹ̀ ń sá fún ogun?” Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ ni, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ rẹ, lójú gbogbo àlejò. O ní ìwọ lo se ọbẹ̀ elégédé tó gba Àkànkẹ́ àbúrò mi lọ́wọ́ ikú, pé èmi kò ṣe ju kí n máa wòran lọ.

Èmi? Kí n máa wòran?

Jẹ́ kí n rán ọ létí, bóyá ọjọ́ ogbó ti ń ṣe ọ́. Ọdún tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí gbogbo ayé ń sá bọ̀ ní ìsàlẹ̀, èmi àti ìwọ kò tíì hu irùngbọ̀n. Ìyá mi ti kú sọ́nà. Ẹ̀yìn mi ni Àkànkẹ́ wà, ọmọ ọdún mẹ́rin, ebi sì ti pa á débi pé kò lè sunkún mọ́. Nígbà tí a dé ẹ̀bá Ìrẹsà, ta ló wọ oko tí àwọn olóko ti sá fi sílẹ̀? Èmi ni. Ta ló rí elégédé kan ṣoṣo lábẹ́ koríko, tó tóbi bí orí màlúù? Èmi ni. Ta ló wa ẹyin iná nínú ilé tó ti jó? Èmi. Ta ló rí ìkòkò tí etí rẹ̀ ti ya nínú àlàpà, tó da omi kèrègbè wa sí i? Èmi náà ni. Lóòótọ́, mo fi ọ́ sídìí iná kí n lè lọ wá omi tí a ó mu. Lóòótọ́, odò jìnnà. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ọbẹ̀ ti jinná, ó ki, ó ń yọ̀ bí òrí. A fi ewé bù ú sí Àkànkẹ́ lẹ́nu, ó gbé e mì, ó lajú. Ṣé ẹni tó jókòó ti iná nìkan ló sè é? Bí ọdẹ bá pa ẹran, ṣé ẹni tó bó awọ rẹ̀ ni yóò máa fọ́nnu káàkiri ìlú?

Ká ní èyí nìkan ni, ǹ bá dákẹ́. Ẹnu rẹ ti gùn láti ìgbà èwe, mo sì ti fi ara dà á. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ta mí lára ni pé Àkànkẹ́ ń ṣàìsàn.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó di ọjọ́ kẹjọ lánàá tí kò fi oúnjẹ kan kan ẹnu. Wọ́n po ẹ̀kọ fún un, kò gbà. Wọ́n pa adìẹ, ó kọjú sí ògiri. Ọwọ́ òfo ni mo fi wọ Ọ̀yọ́ yìí, mo ru igi tà, mo ro oko olóko. Lónìí mo ní ẹṣin méjì, àká mẹ́ta kún fún mi, àlejò sì ń ṣìnà nínú ilé mi. Síbẹ̀ mi ò rí ohun tí ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo máa jẹ. Lánàá, láàárọ̀, ó ṣí ẹnu, ó ní ọbẹ̀ elégédé ojú ọ̀nà ló ń wu òun.

Inú mi dùn! Mo ní ọwọ́ tó sè é nígbà náà ni yóò tún un sè. Mo lé gbogbo obìnrin kúrò nídìí ààrò. Àríkẹ́, ìyàwó mi kékeré, fara ti ògiri, ó ní, “Baba, ìjábẹ̀ lẹ mú lọ́wọ́ yẹn o, kì í ṣe ìgbálẹ̀.” Mo la elégédé, mo gbọ́n hóró rẹ̀ dà síta fún adìẹ. Àríkẹ́ tún ní, “Ẹ ó da hóró yẹn nù ni?” Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Mo bó èèpo, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sè é títí ó fi rọ̀, mo fi ìjábẹ̀ lù ú títí apá fi ń ro mí. Mo fi irú sí i, mo fi iyọ̀ sí i, mo bu epo. Ọbẹ̀ náà kọ̀. Bí mo bá ń lù ú, á fẹ́ ki. Bí mo bá dáwọ́ dúró, omi á lọ lọ́tọ̀, elégédé á lọ lọ́tọ̀, bíi tọkọtaya tó jà.

Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Àkànkẹ́ tọ́ ọ wò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé, àmọ́ èyí kọ́. Ẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Ògúnṣọlá. Òun ló mọ̀ ọ́n sè.”

Lójú àwọn ìyàwó mi! Lójú àwọn ọmọ tí mo bí! Mo ní ṣé kò mọ̀ pé èmi ni mo rí elégédé yẹn ni? Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ rí i, òun ló sè é. Mo gbọ́ ìró òkúta lórí òkúta. Ó ń lọ nǹkan. Ẹ ò sí níbẹ̀.” Ó bá tún kọjú sí ògiri.

Bí mo ṣe jókòó láàárọ̀ yìí nìyẹn tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ibí ni mo kọ ọ́ dé, mo ń wá èébú tó tóbi tó láti fi parí rẹ̀, ni mo gbójú sókè rí àwọn adìẹ mi tí wọ́n ń ṣa hóró lójúde. Òkúta lórí òkúta. Kí lo rí lọ̀ nínú ahoro, níbi tí kò sí ata, tí kò sí iyọ̀? Mo ju gègé sílẹ̀. Ògúnṣọlá, hóró rẹ̀ ni! Ọdún mélòó lo fi mọ̀ ọ́n tí o ò sọ fún mi? Ọ̀rẹ́ wo nìyẹn?

Lójú ẹsẹ̀ mo mú elégédé mìíràn. Mo yan hóró rẹ̀, mo bó o, mo kúnlẹ̀ ti ọlọ, èmi Ọládépò, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná. Mi ò fi epo sí ọbẹ̀ náà, mi ò fi iyọ̀ sí i, nítorí a kò ní wọn lọ́jọ́ náà. Mo da hóró lílọ̀ sí i, mo fi ìjábẹ̀ lù ú. Ó ki! Mo gbé e kalẹ̀, mo dúró tì í bí ẹni ń ṣọ́ olè. Omi kò ya.

Mo fi ewé bù ú sí Àkànkẹ́ lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó tún ya ẹnu, mo tún bù ú. Lẹ́yìn ìkẹta, láìlajú, ó ní, “Ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n Ògúnṣọlá dé?”

Àríkẹ́ fi aṣọ di ẹnu, ó sáré jáde. Ògúnṣọlá, ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo fẹ́ kígbe pé èmi ni, èmi ni mo lọ̀ ọ́, èmi ni mo sè é, orúnkún mi ṣì ń dùn mí! Ṣùgbọ́n ewé kẹrin ti wà lọ́wọ́ mi, ẹnu rẹ̀ sì ti yà sílẹ̀, ó ń dúró. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ní, “Ó dé láàárọ̀ yìí.”

Ó jẹ ẹ́ tán.

O ti sọ mí di òpùrọ́ nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Nítorí náà, dìde, kí irọ́ mi tó tú. Ẹṣin mi kan ni mo fà lé Mìkáílù lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé yìí, má fi orúnkún ṣe àwáwí. Bí o bá dé, ẹnu ọ̀nà ni a ó ti kọ́kọ́ jà, kí àwọn ará àdúgbò lè gbọ́ tẹnu mi. Lẹ́yìn náà, wọlé lọ jókòó ti Àkànkẹ́, kó rí ọ. Ṣùgbọ́n má sún mọ́ ìdí ààrò mi. Elégédé mẹ́fà ló kù nínú àká, èmi ni mo ní ọlọ.

Bá mi kí ìyálé rẹ. Bá mi gbé ọmọ tuntun náà jó, òun kọ́ ni mo ń bá wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí, ìbínú kò yí i padà,
Àjàní Ọládépò,
ẹni tó rí elégédé.