Tíkẹ́ẹ̀tì Àlọ fún Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa, mo sì kí àwọn ọmọ tí Màmá ò tíì fojú rí. Àlàáfíà la wà. Orúnkún Màmá ti ń gbọ́ oògùn, wọ́n ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Ṣé ẹ rántí pé ẹ ní kí n máa wo álífábẹ́ẹ̀tì ara tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń fi irú tíkẹ́ẹ̀tì hàn, kí n tó sanwó, nígbàkigbà tí ibi iṣẹ́ mi bá rán mi lọ tún ẹ̀rọ ọsibítù ṣe? Mo ní ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu jù, èyí tí owó ẹ̀ kéré jù ni mo ń rà. Ìgbà mẹ́fà ni mo wọ bàálù, máìlì tí wọ́n ń kà fún èrò, tí a fi ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ò wọlé! Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ bàálù tí mo wọ̀ àti èyí tí mo forúkọ sílẹ̀ fún máìlì lọ́dọ̀ wọn jọ ń ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ka máìlì fún irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ìgbà tí mo gbọ́ tiyín ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Lánàá, ó pé. Mo ti fi gba tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀! Wọ́n ní, "Ṣé ibi tí bàálù olówó ń balẹ̀ sí ni tọ̀fẹ́ náà ń balẹ̀ sí?"

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú yín ò ní ríbi. Ẹ bá wa wá búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, orúnkún yẹn ò fẹ́ òtútù.

Àlọ nìkan ni máìlì mi tó rà. Ẹ̀yin lẹ máa ra àbọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò ti rí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú rà á.

Àbúrò yín alágídí