Pétérù Oníkọ́kọ́rọ́ Omi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 2025
Ẹ̀rọ omi tuntun ti ń ṣiṣẹ́. Oòrùn ló ń fà á, fóònù ló ń ṣí i — àdúgbò mẹ́ta, fóònù kan ṣoṣo. Ọrùn Baba Lazarus, alága ìlú wa, ló wà. Ó fi okùn so ó bí ẹni so kọ́kọ́rọ́ ọ̀run. Mo ti sọ ọ́ ní Pétérù. Kò mọ̀ o.

Ọjọ́rú, 5
Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Pétérù gun òkè àdúrà lọ, ọjọ́ mẹ́ta. Fóònù wà lọ́rùn rẹ̀. Wọn kì í sì í tan fóònù lórí òkè.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kò sómi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Odò àtijọ́ la padà sí. Yéè, orúnkún mi! Saadat ará àdúgbò Òkè-Ilé, tí mo kọ́ ní ABD, gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó tún ru garawa. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí: wọ́n ní àdúrà òjò ni Pétérù ń gbà fún ìlú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Pétérù sọ̀kalẹ̀, ó ṣí omi, ó ń retí ọpẹ́. Èébú ló gbà. Nípàdé ìlú, mo là á mọ́lẹ̀: ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú kò gbọdọ̀ wà lọ́rùn ẹnì kan. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Wọ́n pe Fikáyọ̀, ọmọ ìlú wa tó ṣe ẹ̀rọ náà, tó ń gbé Ìlọrin. Ó lóun lè pín in sórí fóònù mẹ́ta, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ṣí tirẹ̀, àmọ́ ó di Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, kóun tó lè wá.

Ta ni kó mú un dè é? "Tíṣà!" ni gbogbo wọn ń pariwo. Pétérù bọ́ ọ fún mi tìrora-tìrora. Ó ní, "Ẹ ṣọ́ra o. Ó máa ń dùn mọ́ni." Mo fi í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo ṣí omi láago mẹ́fà géérégé. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹni tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ gbé iṣu wá. Okùn yìí ò tilẹ̀ wúwo.

Ọjọ́rú, 12
Saadat, lójú ọjà: "Ẹ yàgò, Gómìnà omi ń kọjá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́ mo ṣí ti àdúgbò méjì. Ti Òkè-Ilé — mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun ná. Mo sì jẹun pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 13
Saadat ò rómi fi ṣínu lánàá. Ó yà kí mi láàárọ̀. Ó ní ẹ̀rọ yẹn tún ń ṣòjòjò ni, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Wàhálà yìí pọ̀ fún yín." Ojú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ìpàdé lẹ́yìn ìsìn. Fikáyọ̀ ò tíì tú àpò rẹ̀ tí Saadat fi dìde — Saadat o! — ó ní kí wọ́n má pín nǹkan kan mọ́, Tíṣà ń ṣe é dáadáa, kí fóònù máa wà lọ́wọ́ Tíṣà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Mo di okùn náà mú.

Pétérù ń wò mí, ó ń mi orí.

Mo bá bọ́ ọ. Mo ní, "Fikáyọ̀, tètè pín in kí n tó yí ọkàn padà. Saadat, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ lọ́jọ́rú. Èmi ni."

Ó padà jókòó. Kò pè mí ní Gómìnà mọ́. Ó wù mí kó tún fi orúkọ yẹn bá mi ṣàwàdà.