Sẹ́líkà Bàbá Lọ Dúpẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Fádáhùnsí,
Joju, Sango-Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 2009.

Síkírá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú yanrìn jíjẹ? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ńkọ́? Mo gbà pé gbogbo yín le koko. Ara tiwa náà dá ṣáṣá. Inú mi dùn débi pé ńṣe ni mò ń kánjú kọ ọ́, nítorí náà má fi ìkọ̀wé mi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

O rántí ọkọ̀ Sẹ́líkà pupa tí Bàbá máa ń fi sáré ní ọ̀nà Ìdíròkò nígbà tí a wà ní kékeré? Láti ìgbà tí wọ́n ti kú ló ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, Dúrótoyè, tó ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, ní kí a tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Màmá náà ní ọkọ̀ tó ń gbọn èèyàn jìgìjìgì kò wúlò fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Màmá ní ó dáa, bí mo bá fi gbé àwọn lọ ìsìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀yìn àwọn kò sọ̀rọ̀, kí ọkọ̀ dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Dúrótoyè pe àwọn onírin.

Ni mo bá tọ Ọ̀gá Kàsúmù lọ, mẹkáníìkì àdúgbò wa. Ó ní ṣọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà gbọn èèyàn ti kú pátápátá. Ó bá mi wá kọ́ìlófà, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì wé mọ́ lára, tó ní òrùka tí èèyàn ń lọ́ láti fi gbé ọkọ̀ ga tàbí láti fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kókó kékeré kan tún wà lórí rẹ̀ tí a fi ń mú kí ọkọ̀ le tàbí kó rọ̀. Síkírá, èmi ni mo de ti ẹ̀yìn fúnra mi! Ọ̀gá Kàsúmù dúró tì mí, ó ń pariwo pé, "Àǹtí Rónkẹ́, ẹ má fi agídí lọ́ ọ o! Ẹ jẹ́ kí jáàkì gbé e kúrò nílẹ̀ ná!" Nítorí ẹ̀yìn Màmá, a yí kókó náà títí ó fi rọ̀. Ṣùgbọ́n fàájì kò jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀. Mo ní kí a rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ dáadáa, ó sì ba bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku.

Òfìfo ni ọkọ̀ náà nígbà tí a ṣe gbogbo èyí. Ta ló ń dá lọ dúpẹ́ nílẹ̀ yìí? Láàárọ̀ àná, Màmá jáde pẹ̀lú àbúrò wọn, Ìyá Àtàn, wọ́n sì di iṣu ìdúpẹ́ kún búùtù. Dúrótoyè náà kó ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ́rìí. Ọkọ̀ ń rọra lọ, Màmá ń kọrin, orí mi ń wú. Àfi bí a ṣe dé orí bọ́ǹpù tuntun tí wọ́n mọ sí ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì láti dín eré ọkọ̀ kù, tí ọkọ̀ fi ikùn jókòó lé e gbàgà! Bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń tẹ hóònù. Dúrótoyè ti yọ fóònù. Àwọn onírin ló fẹ́ pè.

Mo sọ gbogbo wọn kalẹ̀ tiṣutiṣu. Ọkọ̀ gbéra díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì sì bá mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣí gèlè, mo tẹ́ ìborùn Ìyá Àtàn sílẹ̀, mo fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi sípánà tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ lọ́ àwọn òrùka náà sókè. Gírísì ba léèsì mi jẹ́. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo ń lọ́ òrùka mi lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Gbogbo wọn padà wọnú ọkọ̀, iṣu náà padà sí búùtù. Mo tún wa ọkọ̀ náà lọ. Ọkọ̀ gun bọ́ǹpù, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Màmá ní, "Dúró." Mo rò pé ó ti parí fún mi. Wọ́n ní, "Padà sẹ́yìn, kí a tún un gùn. Bàbá yín ì bá gbádùn èyí." Nígbà tí a tún un gùn tán, wọ́n yíjú sẹ́yìn: "Dúrótoyè, fi fóònù yẹn sápò."

Bá mi kí ọkọ rẹ, fọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí, kí o sì sọ fún ìyá rẹ pé mo ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ gbé wọn ṣeré, bí mo bá rí i gbà. Láti àná ni kọ́kọ́rọ́ ti wà ní etí ìró Màmá. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí gírísì kò tíì kúrò ní èékánná rẹ̀,

Rónkẹ́ Ọláwuyì